Núkílíótáìdì 14 tó sọnù: àkọsílẹ̀ bí mo ṣe kọ́ dátábéèsì kékeré fún ìrísí DNA àti RNA

Núkílíótáìdì ni àwọn ẹyọ tí wọ́n so pọ̀ di okùn DNA tàbí RNA; béèsì ni apá tó ń fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà rẹ̀: A, C, G, àti T nínú DNA tàbí U nínú RNA. Ohun tí mo fẹ́ kọ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ dátábéèsì kan lórí kọ̀ǹpútà mi, tí mo lè bi pé níbo ni G ti so mọ́ U nínú gbogbo RNA tí wọ́n ti rí ìrísí rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe jìnnà síra tó, kí ó dá mi lóhùn kí n tó mu omi tán.

Dátà náà wà nílẹ̀. Protein Data Bank, àká ìrísí purotéènì, DNA àti RNA tí gbogbo wa ń pè ní PDB, ti wà láti 1971. Ìrísí méje péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Brookhaven, Amẹ́ríkà. Ó ti lé ní 200,000 báyìí. Láti 2003 ni Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ti jọ ń bójú tó o lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ wwPDB, kí ohun tí ẹni tó wà ní apá kan ayé ń kà má bàa yàtọ̀ sí tẹni tó wà lápá kejì. Ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìwé tí ẹnikẹ́ni máa buwọ́ lù kó tó wà á sórí ẹ̀rọ rẹ̀. Purotéènì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. DNA àti RNA kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ohun tá a sì fẹ́ mọ̀ nípa wọn yàtọ̀, ìyẹn ni Helen Berman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Rutgers ṣe dá Nucleic Acid Database sílẹ̀ ní 1992. NAKB, dátábéèsì tuntun irú rẹ̀, ló ti gba ipò rẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé bí NAKB bá wà, kí ni mo tún ń kọ́ tèmi fún. Mo ti ń lo iye tí àwọn dátábéèsì wọ̀nyí ń gbé jáde fún ọdún mélòó kan, mi ò sì lè ṣàlàyé bí wọ́n ṣe dé orí ẹyọ kan nínú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi kà á láti orí átọ́ọ̀mù.

Ọjọ́ kìíní

rsync, ohun èlò tó ń kó fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, ni mo fi kó fáìlì. Aago 00:00 UTC ní Ọjọ́rú ni PDB máa ń gbé àwọn ìrísí tuntun jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nítorí náà mo ṣètò kí ẹ̀rọ mi lọ wo ibẹ̀ láàárọ̀ Ọjọ́rú kó sì mú kìkì ohun tó yí padà.

Fáìlì mmCIF, fọ́ọ̀mù tuntun tí PDB ń lò, ni mo mú, mi ò mú fọ́ọ̀mù PDB àtijọ́. Ayé tí wọ́n ń lu ihò sára páálí kí kọ̀ǹpútà lè kà á ni fọ́ọ̀mù àtijọ́ yẹn ti wá. Àyè 80 ló wà lórí ìlà kan. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù ní àyè márùn-ún, orúkọ okùn ní àyè kan ṣoṣo. Tí átọ́ọ̀mù bá ti kọjá 99,999, ó ti kún nìyẹn. Ribosome, ẹ̀rọ tó ń kọ́ purotéènì nínú sẹ́ẹ̀lì, ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ńṣe ni wọ́n máa ń gé ribosome kan sí fáìlì mélòó kan tẹ́lẹ̀, tí gígé kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀, títí di 2014 tí wọ́n so wọ́n padà di ọ̀kan sínú mmCIF. Èyí tí PDB pè ní 4V88, ribosome ìwúkàrà, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n so padà bẹ́ẹ̀.

Ìrísí méjì ni mo fi dán iṣẹ́ wò, nítorí mo mọ ohun tó yẹ kí n rí nínú wọn. Àkọ́kọ́ ni 1BNA, DNA oníbéèsì méjìlá tí lẹ́tà rẹ̀ ń lọ báyìí: CGCGAATTCGCG. Ọdún 1981 ni wọ́n tẹ ìwé lé e lórí. Okùn méjì, núkílíótáìdì 24, ìsopọ̀ 12. Ìkejì ni 1EHZ, tRNA ìwúkàrà (RNA kékeré tó ń gbé amino acid lọ sí ribosome), èyí tó ń gbé phenylalanine, láti ọdún 2000, ó mọ́ dé 1.93 Å, núkílíótáìdì 76. Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà; bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré tó ni ìrísí ṣe mọ́ tó.

Ọjọ́ kejì

1BNA fún mi ní òdo. Kò rí núkílíótáìdì kankan.

Ẹ̀dà 1BNA kan wà nínú fódà mi àtijọ́. Mo fún kóòdù náà ní ẹ̀dà yẹn jẹ, ó ka 24, ó sì rí ìsopọ̀ 12. Mo gbé fáìlì méjèèjì ka iwájú ara wọn. Níbi tí ti àtijọ́ kọ C sí, ti tuntun kọ DC. O5* ti di O5'. O1P ti di OP1. Lórí T, C5M ti di C7. Átọ́ọ̀mù kò kúrò níbi tó wà, orúkọ nìkan ló yí.

Ọdún 2007 ni wwPDB parí àtúnṣe ńlá yẹn lórí gbogbo ohun tó wà nínú àká wọn. Ṣáájú ìgbà náà, A ni wọ́n ń kọ fún adenine inú DNA, A náà ni wọ́n ń kọ fún ti inú RNA, ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀ ní láti lọ wò bóyá O2', átọ́ọ̀mù tí RNA ní tí DNA kò ní, wà lára ṣúgà. Lẹ́yìn àtúnṣe, DNA gba DA, DC, DG, DT. RNA di A, C, G, U mú. Ìpinnu tó dáa gan-an ni lójú tèmi. Kóòdù mi ni kò tẹ̀ lé ayé. Mo tún un ṣe láàárín wákàtí kan.

Mo kọ ìlànà ìsopọ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kí A tó lè so mọ́ U tàbí T, N1 ti A gbọ́dọ̀ wà nítòsí N3 ti èkejì, kí N6 sì wà nítòsí O4. Fún G àti C, N1 pẹ̀lú N3, O6 pẹ̀lú N4. Fún G àti U, O6 pẹ̀lú N3, N1 pẹ̀lú O2. Ohun tí mo pè ní ìtòsí ni kí àlàfo náà má ju 3.4 Å lọ.

Ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà

Ibí ni iṣẹ́ wà.

1EHZ jáde pẹ̀lú núkílíótáìdì 62 àti ìsopọ̀ 18. Mo wò ó, mo ní ó dáa, mo tẹ̀ síwájú lọ sórí ohun mìíràn. Mo ti ro pé apá kan lára RNA náà kò hàn kedere nínú kírísítálì tí wọ́n fi rí ìrísí rẹ̀ ni, irú ẹ̀ sì máa ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí mo fi tábìlì náà han ọ̀gá mi ní ọjọ́ kẹrin, ojú wọn dúró lórí ìlà kan.

"Nọ́ńbà 10 dà?"

Mo ní, "Bóyá kò hàn nínú kírísítálì, mà."

"Ṣé o ti ṣí fáìlì náà wò?"

Mi ò tíì ṣí i. Mo ṣí i níwájú wọn. Nọ́ńbà 10 wà níbẹ̀, átọ́ọ̀mù rẹ̀ pé pérépéré. Àmọ́ dípò ATOM, HETATM ni wọ́n kọ sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà rẹ̀, dípò G sì ni wọ́n kọ 2MG. Èmi ni mo pàṣẹ fún kóòdù pé kí ó ju gbogbo HETATM nù, nítorí mo gbà pé omi àti áyọ̀n bíi magnesium nìkan ló ń gbé ibẹ̀.

Mo wá ka gbogbo èyí tí mo ti jù nù: 10, 16, 17, 26, 32, 34, 37, 39, 40, 46, 49, 54, 55, 58. Mẹ́rìnlá. 62 pẹ̀lú 14 jẹ́ 76.

Wọn kì í ṣe ìdọ̀tí. Lẹ́yìn tí sẹ́ẹ̀lì bá ti kọ tRNA tán, àwọn ẹ́ńsáìmù máa ń wá tún àwọn béèsì kan ṣe: wọ́n á fi mẹ́táìlì kún ti ibí, wọ́n á fi háídírójìn kún ti ọ̀hún. H2U (dihydrouridine) tó wà ní 16 àti 17 ni ẹ̀ka D fi ń jẹ́ D. PSU, tí àmì rẹ̀ jẹ́ Ψ, tó wà ní 55 ni ẹ̀ka TΨC gba orúkọ rẹ̀ lára rẹ̀. Nọ́ńbà 37, tí wọ́n kọ ní YYG, jẹ́ béèsì ńlá kan tó dúró ti ẹ̀gbẹ́ anticodon, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tó ń ka kódọ́ọ̀nù, lẹ́tà mẹ́ta tí mRNA fi ń pe amino acid. Àní 34, ọ̀kan nínú lẹ́tà mẹ́ta náà fúnra rẹ̀, wà lára ohun tí mo dà nù. tRNA tí kò ní lẹ́tà tó fi ń kàwé ni mo fẹ́ gbé wọ inú dátábéèsì, tí mo sì ti sọ pé ó dáa. Inú mi kò dùn sí ara mi lọ́jọ́ yẹn, nítorí kò sí ẹni tó fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi. Àwọn tó rí ìrísí yẹn ti kọ ọ́ sílẹ̀ pátá, lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. wwPDB ní ìwé atúmọ̀ kan, Chemical Component Dictionary, tí ohun gbogbo tó bá wọ inú PDB ní ojú ìwé tirẹ̀ níbẹ̀. Lórí ojú ìwé 2MG, ìlà kan tó ń jẹ́ mon_nstd_parent_comp_id sọ pé G ni ìyá rẹ̀. PSU, U ni ìyá rẹ̀. YYG, G. Mo gbé ìwé náà wọlé odindi, mo sì ní kí kóòdù máa lọ béèrè ìyá ẹnikẹ́ni tí kò bá mọ̀. Mi ò pa orúkọ àkọ́kọ́ rẹ́. Òpó méjì ni mo fi wọ́n sí, ọ̀kan fún orúkọ tí wọ́n kọ, ọ̀kan fún ìyá.

Mo tún mú kóòdù náà ṣiṣẹ́. Núkílíótáìdì 76. Ìsopọ̀ 21.

Ó yẹ kó jẹ́ 22. Mo ti fi ọwọ́ kà á lórí bébà: 7 lára ọ̀pá tó gbé amino acid, 4 ní ẹ̀ka D, 5 ní ẹ̀ka anticodon, 5 ní ẹ̀ka T, ìyẹn 21, àti G19 pẹ̀lú C56 tó di igun ìgbọ̀nwọ́ tRNA náà mú. Nígbà tí mo ń ju HETATM nù, mẹ́rin ló sọnù: 10 pẹ̀lú 25, 30 pẹ̀lú 40, 31 pẹ̀lú 39, 49 pẹ̀lú 65. Mẹ́ta ti padà. A31 pẹ̀lú Ψ39 kò padà.

Ọjọ́ méjì ni mo lò lórí ẹyọ kan yìí, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wọn àlàfo wọn. N1 ti A31 àti N3 ti Ψ39 sún mọ́ra dáadáa. N6 àti O4 ló jìnnà síra ju ohun tí mo gbà lọ. Béèsì méjèèjì kọjú síra, wọ́n tẹ́ pẹrẹsẹ, ìsopọ̀ ni lójú ẹnikẹ́ni tó bá wò ó. Kí wá ni O4 ń ṣe lọ́nà jíjìn bẹ́ẹ̀?

Mo ya Ψ sórí bébà ni mo tó rídìí rẹ̀. Nínú U, N1 ló fi dì mọ́ ṣúgà. Nínú Ψ, ẹ́ńsáìmù ti tú béèsì náà kúrò, ó yí i, ó sì fi C5 so ó padà mọ́ ṣúgà. Òrùka náà kò yí lẹ́tà rẹ̀ padà, ọ̀nà tó gbà jókòó ló yí: N3 ṣì wà níwájú bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ tí O4 ti U máa ń wà, O2 ló wà níbẹ̀ báyìí, O4 sì ti bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Nítorí náà, O2 ti Ψ39 ni N6 ti A31 dì mú. Kóòdù mi ń wá a nílé tó ti kó kúrò.

Mo fi ìlànà kan kún un fún PSU, kí ó ṣe pàṣípààrọ̀ O2 àti O4 kó tó wọn nǹkan. Ó fún mi ní 22. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde ní àmì àkámọ́, àmì kan fún núkílíótáìdì kan, tí àkámọ́ ṣíṣí àti pípadé jẹ́ àwọn tó so mọ́ra, tí àmì kíkán sì jẹ́ èyí tí kò so, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níwájú tábìlì mi:

(((((((..((((.....[..)))).(((((.......))))).....(((((..]....))))))))))))....

Àkámọ́ onígun méjì yẹn ni G19 àti C56. Àkámọ́ lásán kò lè kọ wọ́n, nítorí ìsopọ̀ wọn gba orí ẹ̀ka D àti ẹ̀ka T kọjá. Bí wọ́n bá lo àmì kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ẹni tó ń kà á kò ní mọ ẹni tó di ẹni mú.

Ọ̀sẹ̀ kejì

Mo ṣílẹ̀kùn fún gbogbo fáìlì. Ìṣòro rọ́ wọlé, àmọ́ púpọ̀ nínú wọn kò gba àkókò.

Àwọn ìrísí tí wọ́n fi NMR, ọ̀nà tí kò lo kírísítálì, rí máa ń ní àwòṣe púpọ̀ nínú fáìlì kan, nígbà míràn ogún. Mo ka ìsopọ̀ kan náà lógún ìgbà. Òpó pdbx_PDB_model_num ló yanjú rẹ̀. Àwòṣe àkọ́kọ́ nìkan ni mo ń kà báyìí. Àwọn núkílíótáìdì kan wà tí wọ́n rí níbi méjì nínú kírísítálì kan náà, tí wọ́n fi lẹ́tà A àti B ya ibi méjèèjì sọ́tọ̀. Mo mú èyí tó ní ìdá tó pọ̀ jù.

Ti ìbáradọ́gba kírísítálì gba ìrònú díẹ̀. Àwọn DNA kan wà tí okùn kan ṣoṣo wà nínú fáìlì wọn, tí ìsopọ̀ sì jẹ́ òdo, bẹ́ẹ̀ okùn méjì ni wọ́n jẹ́ lóòótọ́. Okùn kejì bá àkọ́kọ́ dọ́gba pátápátá nínú kírísítálì, nítorí náà ẹni tó kọ fáìlì kọ ọ̀kan, ó sì kọ ìlànà tí a fi ń bí èkejì sí ẹ̀yìn. wwPDB tún máa ń gbé fáìlì ìrísí tó ti pé jáde, tí orúkọ rẹ̀ ní assembly1 nínú. Mo pààrọ̀ gbogbo fáìlì mi sí irú ìyẹn. Ó yẹ kí n ti ṣe é lọ́jọ́ kìíní.

Lẹ́yìn náà ni 1KF1, DNA ìparí kúrómósómù ènìyàn, núkílíótáìdì 22. Mo ti kọ òfin kan sílẹ̀ pé ìrísí tí kò bá ní ìsopọ̀ kankan kò ní wọlé, kí n lè yẹra fún ohun tó bàjẹ́. 1KF1 ní òdo, ó sì bọ́ sóde. Bẹ́ẹ̀ ó wà lára ìrísí DNA tó lẹ́wà jù tí mo mọ̀: G mẹ́rin mẹ́rin fọwọ́ di ara wọn mú ní igun mẹ́rin, ìpele mẹ́ta lórí ara wọn, pẹ̀lú áyọ̀n potassium láàárín. Kò sí ìsopọ̀ Watson-Crick, irú A pẹ̀lú T àti G pẹ̀lú C, kan nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀gbẹ́ Hoogsteen ti ẹnìkejì rẹ̀, ìyẹn ẹ̀gbẹ́ mìíràn lára béèsì, ni G kọ̀ọ̀kan gbá mú. Mo pa òfin náà rẹ́.

Ìgbà yẹn ni mo gbà pé ìlànà mẹ́ta tí mo kọ kò tó. Àwọn onímọ̀ RNA méjì, Leontis àti Westhof, ti to ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹẹsẹ láti 2001: béèsì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, Watson-Crick, Hoogsteen àti ti ṣúgà, ẹ̀gbẹ́ méjì tó bá pàdé lè jẹ́ cis tàbí trans (ìyẹn, bóyá ṣúgà méjèèjì wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà tàbí ní òdìkejì ara wọn), gbogbo rẹ̀ jẹ́ ìdílé 12. Mo gbé ìdílé méjìlá náà wọlé. Nínú 1EHZ, U8 pẹ̀lú A14 jáde, G15 pẹ̀lú C48 jáde, 54 pẹ̀lú 58 náà jáde. Ìgbà náà ni tRNA mi wá ká bó ṣe yẹ kó ká, dípò ewé ẹlẹ́ka mẹ́rin tí wọ́n ń yà sínú ìwé.

Ọ̀sẹ̀ kẹta

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀, G pẹ̀lú U, ti ní ìdáhùn. Mi ò sì lè lo ìdáhùn náà. Nígbà tí mo wo ibi tí àwọn ìsopọ̀ náà ti wá, ribosome ló kún gbogbo rẹ̀, ribosome ẹ̀dá kan náà léraléra: èyí tí oògùn kan wà lára rẹ̀, èyí tí oògùn mìíràn wà lára rẹ̀, èyí tí tRNA ń kọjá lọ nínú rẹ̀. RNA 23S, ọ̀kan lára RNA inú ribosome, ti bakitéríà E. coli ní núkílíótáìdì 2,904. Tí o bá ka ẹyọ kan náà láti inú ọgọ́rùn-ún fáìlì, ohun kan ṣoṣo lo ṣì mọ̀.

Mi ò gbìyànjú láti fi ọgbọ́n orí mi yanjú ìyẹn. Àwọn onímọ̀ RNA ní Bowling Green State University máa ń gbé àkójọ aṣojú jáde lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: wọ́n á kó àwọn tó jẹ́ ohun kan náà sínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n á sì yan ẹyọ kan tó dára jù ṣojú wọn, pẹ̀lú ààlà ìmọ́tótó láti 1.5 Å sókè. Mo mú ti 3.0 Å. Tábìlì mi súnkì gan-an, gbogbo ìlà tó kù sì ń sọ ohun tí èkejì kò sọ.

Bó ṣe wà báyìí

Láti ìgbà ọ̀rọ̀ 1EHZ, kóòdù mi kò ju núkílíótáìdì kankan nù mọ́ nítorí pé kò mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tí kò bá mọ̀, ó máa ń kó o sínú tábìlì kan tí mo pè ní ÀÌMỌ̀, pẹ̀lú orúkọ fáìlì, okùn àti nọ́ńbà. Àárọ̀ Ọjọ́rú ni mo máa ń ṣí i.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ìlà mélòó kan wà níbẹ̀ tí orúkọ wọn jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ rárá. Mo ṣí fáìlì náà kí n tó ro ohunkóhun. Lẹ́tà márùn-ún ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orúkọ onílẹ́tà mẹ́ta ti tán lọ́wọ́ wwPDB, láti ìparí 2023 ni wọ́n ti ń fún àwọn ohun tuntun ní orúkọ onílẹ́tà márùn-ún. Èmi sì ti kọ [:3], ìyẹn pé kí kóòdù mú lẹ́tà mẹ́ta àkọ́kọ́ nìkan, sí ìlà kan ní ọjọ́ kìíní, nígbà tí mo ṣì ń fi ojú fọ́ọ̀mù àtijọ́ wo nǹkan. Mo yọ ọ́. Orúkọ PDB fúnra rẹ̀, onílẹ́tà mẹ́rin, ń bọ̀ wá di irú pdb_00001ehz, mo sì ti sọ òpó tìyẹn náà di gígùn. Mo tún mú gbogbo rẹ̀ ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀: 1BNA ìsopọ̀ 12, 1EHZ núkílíótáìdì 76, ÀÌMỌ̀ òdo.